Ẹ Wo Inú Ẹ̀rọ Kí Ẹ Tó Kọ Ìwé Wá-Wí-Tẹnu-Ẹ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó kan owó oṣù, ó kan orúkọ rere, ó sì kan ìbéèrè kan tó ti wà láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ti wà: bí ẹ̀rọ bá dáṣẹ́ sílẹ̀, ta ni a óò mú?

Gbogbo wa la rí bí àdúgbò wa ṣe yí padà. Láti nǹkan bí ọdún 2011 tí Co-Creation Hub ti ṣílẹ̀kùn ní Òpópónà Herbert Macaulay ní Yábà, àwọn ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ti pọ̀ ní agbègbè wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ló ń ṣọ́ sáfà báyìí. Sáfà ni kọ̀ǹpútà ńlá tí ìkànnì àwọn ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti àwọn oníṣòwò ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà lè wà ní Èkó níbí, ó sì lè wà ní Jámánì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣọ́ ọ lóru lè jẹ́ ọmọ ilé kejì sí tiyín.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí a kò ní dárúkọ, sáfà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ní àkókò tí àwọn òbí ń san owó ilé-ìwé lórí ìkànnì. Ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ìyẹn apá ibi tó ń ṣe gbogbo ìṣirò, ń lo 100 nínú 100 agbára rẹ̀. Àwọn oníbàárà ń pè, wọ́n ń bínú. Kí ó tó di ọ̀sán, ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ ti wà lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ṣe iṣẹ́ òru. Wọ́n ní ó sùn ni. Wọ́n ní kí ó sọ ìdí tí wọn kò fi ní yọ nínú owó oṣù rẹ̀. Lọ́jọ́ kan náà, wọ́n ti ń bèèrè iye tí sáfà tuntun tó tóbi jù ú lọ yóò jẹ́. Wọ́n ti dá ẹjọ́, wọ́n sì ti fẹ́ náwó, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tí ì wo inú ẹ̀rọ!

Àwọn àgbà ní agbọ́-ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nínú ẹjọ́ yìí, ẹni mẹ́ta ló yẹ kí a gbọ́ tẹnu wọn: ọ̀gá, òṣìṣẹ́, àti ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ ní ẹnu. Kì í purọ́, kì í gba rìbá, ọ̀pọ̀ ohun tó bá ṣe ló ń kọ sílẹ̀ pẹ̀lú wákàtí àti ìṣẹ́jú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé tí à ń gbé ṣe àpẹẹrẹ. Ilé oníyàrá mẹ́wàá, mítà kan ṣoṣo. Iná tí a rà tó máa ń lo ọjọ́ mẹ́wàá tán ní ọjọ́ mẹ́ta. Ǹjẹ́ ọmọ tí a rán lọ ra iná ni a óò nà? Ǹjẹ́ mítà tuntun ni a óò lọ rà? Rárá o. Yàrá dé yàrá ni àwọn ayálégbé tó gbọ́n máa ń lọ. Ta ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fíríìsà wọlé? Ta ló ń fi áyọ́ọ̀nù lọ aṣọ ará ìta gbowó? Àbí aládùúgbò kan ló ti fa wáyà lẹ́yìn ilé? Bí a ṣe ń wádìí sáfà náà nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ sáfà ìkànnì ló ń lo Linux, tí Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991. Àṣẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní top, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ní ọdún 1984. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ yóò rí nọ́ńbà mẹ́ta lókè. Wọ́n ń sọ iye iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ ẹ̀rọ tàbí tó ń tò dúró láti ìṣẹ́jú 1, ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú 15 sẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ bá ní ọpọlọ mẹ́rin, tí nọ́ńbà náà sì jẹ́ 4, ọwọ́ kún, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò dúró lórí ìlà. Bí ó bá di 12, iṣẹ́ mẹ́jọ ń dúró bí èrò ní ibùdókọ̀ Yábà. Bí ti ìṣẹ́jú 1 bá ga, tí ti ìṣẹ́jú 15 sì kéré, wàhálà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ẹ wo bí nǹkan yìí ṣe ṣe pàtàkì tó fún ẹni tí wọ́n ní ó sùn lóru!

Lábẹ́ ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń sọ ibi tí àkókò rẹ̀ ń lọ. Us ni iṣẹ́ àwọn ìkànnì fúnra wọn. Sy ni iṣẹ́ inú ilé ti Linux. Wa ń sọ pé ọpọlọ kò ríṣẹ́ ṣe, díìsìkì tó ń kó nǹkan pamọ́ ló ń dúró dè. Ó dà bí télọ̀ tí ẹ̀rọ rẹ̀ dára ṣùgbọ́n tí aṣọ kò tí ì dé. Iṣẹ́ tó ń dúró de díìsìkì báyìí, Linux ń kà á mọ́ nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lókè, nítorí náà nọ́ńbà lè ga nígbà tí ọpọlọ ẹ̀rọ jókòó lásán. Ẹni tó bá lọ ra ọpọlọ tuntun nítorí èyí, owó rẹ̀ ti ṣòfò. St ni èyí tó yẹ kí gbogbo òṣìṣẹ́ mọ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá háyà apá kan nínú ẹ̀rọ ńlá, tí àwọn ayálégbé mìíràn ń lo ìyókù, st ni àkókò tí ẹ̀rọ wa fẹ́ ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n gbé ọpọlọ fún ẹlòmíràn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ẹ̀rọ háyà ni ẹjọ́ ìyẹn ń lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ọmọ tó ń ṣọ́ ọ.

Lẹ́yìn náà ni a óò wo orúkọ ẹni tó ń jẹun jù. Bí ó bá jẹ́ MySQL, níbi tí àwọn ìkànnì ń kó àkọsílẹ̀ wọn sí, ó ní ìwé kan tó lè máa kọ àwọn ìbéèrè tó pẹ́ jù sí, bí a bá ti ní kí ó máa kọ ọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo lè mú ẹ̀rọ gbóná. Ẹ rántí ìwé ńlá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: bí orúkọ kò bá tò ní a-b-d, akọ̀wé yóò ṣí gbogbo ojú ìwé kí ó tó rí orúkọ ẹnìkan. Bí 200 ènìyàn bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, akọ̀wé á dákú. Atọ́ka ni oògùn rẹ̀, ó sì lè má gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Bí ó bá jẹ́ PHP, tó ń gbé ojú-ìwé ìkànnì jáde, a óò wo ìwé tí sáfà ń kọ àlejò sí. Ta ló ń kan ilẹ̀kùn? WordPress, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, ló wà nídìí ohun tó ju 40 lọ nínú 100 ìkànnì lágbàáyé, nítorí náà àwọn olè mọ ilẹ̀kùn rẹ̀ dáadáa. Bí adírẹ́sì kan bá kan wp-login.php tàbí xmlrpc.php ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín wákàtí kan, kì í ṣe òbí tó fẹ́ san owó ilé-ìwé. Rọ́bọ́ọ̀tì ni, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń rìn kiri fúnra rẹ̀ tó ń dán ọ̀rọ̀ aṣínà wò.

Kì í ṣe gbogbo rọ́bọ́ọ̀tì ni olè. Àwọn kan wà tó ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tó ń kọ́ ẹ̀rọ ní èdè ènìyàn. Àjọ Wikimedia, tó ni Wikipedia tí a ń kà ní Yorùbá pẹ̀lú, kéde ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé nǹkan bí 35 nínú 100 ojú-ìwé tí wọ́n ń ṣí ni rọ́bọ́ọ̀tì ń ṣí, ṣùgbọ́n 65 nínú 100 ìbẹ̀wò tó ń ná àwọn lówó jù ló ti ọ̀dọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì wá. Bí irú ẹrù bẹ́ẹ̀ bá ń wọ àjọ ńlá lọ́rùn, kí ni yóò ṣe sáfà kékeré tó ń gbé ìkànnì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Àwọn olè gidi tún wà tí wọ́n ń wọlé sínú sáfà, tí wọ́n ń fi ọpọlọ rẹ̀ wa owó kọ̀ǹpútà bíi Monero. Àwọn wọ̀nyí ni aládùúgbò tó fa wáyà lẹ́yìn ilé.

Ó ku iṣẹ́ tí a ti yan aago fún, bíi dída gbogbo fáìlì kọ pamọ́. Níbi tí ẹjọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa wà gan-an nìyí. Nígbà tí aṣojú wa béèrè pé kí wọ́n ka ìwé ẹ̀rọ níwájú gbogbo ènìyàn, ohun méjì ló jáde. Èkíní, ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé kí àdàkọ máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ àárọ̀, wákàtí tí èrò pọ̀ jù. Èkejì, rọ́bọ́ọ̀tì ń kan wp-login.php láìsinmi láti òru, ọmọ náà sì ti kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ òru ní aago méjì àbọ̀ pé òun kò ní àṣẹ láti ti ilẹ̀kùn náà. Ẹni tí wọ́n ní ó sùn! Wọ́n gbé àdàkọ sí aago mẹ́ta òru, wọ́n dènà àwọn rọ́bọ́ọ̀tì, ẹ̀rọ sì rọlẹ̀. Wọn kò ra sáfà tuntun mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ náà ṣì wà nínú fáìlì ọmọ náà títí di òní. Ohun tí à ń bá wọn jà lé lórí nìyẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ kan péré ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, èsì ìdánwò UTME jáde, ọmọ tó ju mílíọ̀nù 1.5 ni kò sì gba 200 nínú 400. Ọ̀pọ̀ ẹnu ló ti ń bú àwọn ọmọ pé wọn kò kàwé. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, ọ̀gá àgbà JAMB, jáde pẹ̀lú omijé pé àṣìṣe ti wà: wọn kò fi àtúnṣe tuntun sí àwọn sáfà kan. Ó kan ibùdó 157, 65 ní Èkó, 92 ní gúúsù ìlà-oòrùn, àti ọmọ 379,997. Wọ́n tún ìdánwò ṣe fún wọn. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọpọlọ ẹ̀rọ tó gbóná, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni: ènìyàn ni a kọ́kọ́ bú, sáfà ni ọ̀ràn wà lára rẹ̀. A yin JAMB pé ó sọ òtítọ́ ní gbangba. Ṣé àwọn ọ̀gá tiwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnìkan ṣoṣo?

Àwọn ọ̀gá yóò ní oníbàárà kò ní dúró de ìwádìí, kí a sáà pa ẹ̀rọ kí a tún un tàn. A gbọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá pa á, púpọ̀ nínú ẹ̀rí lọ nìyẹn, àìsàn náà á sì padà lọ́la. Ìṣẹ́jú méjì tó láti kọ ohun tí top ń sọ sílẹ̀ kí a tó fọwọ́ kàn án. A kò sì sọ pé ẹ̀rọ kì í kéré. Bí èrò tòótọ́ bá pọ̀ jù ú lọ, tí gbogbo nǹkan mìíràn wà létòlétò, ẹ ra tuntun. Bẹ́ẹ̀ ni a kò gbè sẹ́yìn ọ̀lẹ. Ẹni tó bá sùn lẹ́nu iṣẹ́, kí ó jẹ́ pé ìwé iṣẹ́ ló dá a lẹ́bi, kì í ṣe ìbínú ọ̀gá.

Nítorí náà, ohun tí ẹ̀ka wa ń béèrè nìyí. Èkíní, kí ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ má ṣe jáde lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ láì jẹ́ pé a ti ka ìwé ẹ̀rọ níwájú òṣìṣẹ́ àti aṣojú rẹ̀. Èkejì, kí ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ lóru ní àṣẹ láti dènà rọ́bọ́ọ̀tì láì jí ọ̀gá. Ẹ̀kẹta, kí wọ́n san owó iṣẹ́ òru. Abala 13 Òfin Iṣẹ́ ọdún 1974 sọ pé wákàtí tó bá kọjá èyí tí a jọ fẹnu kò sí, ófátáìmù ni, ó sì ní kí òṣìṣẹ́ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí 24 gbáko nínú ọjọ́ 7. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n fa ìwé tó wà nínú fáìlì ọmọ ẹgbẹ́ wa ya.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí, ẹ máa kọ nǹkan sílẹ̀: wákàtí, nọ́ńbà mẹ́ta, orúkọ ohun tó ń jẹun jù, àti ẹni tí ẹ fi tó létí. Ìlà mélòó kan tí ọmọ yẹn kọ ní aago méjì àbọ̀ òru ló gbà á sílẹ̀ ju gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwa sọ lọ. Ìpàdé wa yóò gbé ọ̀rọ̀ fáìlì náà yẹ̀ wò. Ẹ wá, kí ẹ sì mú ẹlẹgbẹ́ yín kan dání. Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́.