Ẹ̀yin Ìyá Wa, Ẹ Má Fọ Ẹ̀jẹ̀ Yẹn Dànù, Ẹ Lọ Sọ Fún Dókítà

Èmi nọ́ọ̀sì yín ni. Ọ̀rọ̀ tòní jẹ mọ́ ibi tí a máa ń bò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ láàárín ara wa. Bí bàbá kan bá ń ka èyí, kí wọ́n má yí ojú kúrò. Àwọn náà ní ìyá, wọ́n sì ní ìyàwó.

Bí obìnrin bá ti lo oṣù 12 gbáko láìrí nǹkan oṣù, ó ti kúrò nídìí rẹ̀ nìyẹn. Láàárín ọdún 45 sí 55 ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wa. Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀jẹ̀ yòówù tó bá tún jáde lójú ara, ìbáà ṣe ẹ̀kán kan péré, *kì í ṣe nǹkan oṣù mọ́.* Mo ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé "ọmọge ti padà dé," tí wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ nínú àwàdà yẹn.

Ẹlòmíràn kì í rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀, ojú ló ń tì í. Á da álọ́ọ̀mù sínú omi gbígbóná, á jókòó lé e, tàbí kó fi ọṣẹ àti àgbo fọ inú. Èrò tèmi ni pé fífọ̀ yẹn léwu lọ́nà méjì: ó ń ba ibẹ̀ jẹ́, ó sì ń bo ìròyìn tí ara fẹ́ jẹ́ fún wa mọ́lẹ̀.

Ṣé ẹ mọ bí ògì ṣe máa ń kan? Kòkòrò tí ojú kò lè rí ló ń mú un kan, kíkan yẹn ni kì í sì í jẹ́ kí kòkòrò búburú tètè ráyè níbẹ̀. Ẹbí kòkòrò bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Lactobacillus, ń gbé ojú ara obìnrin, ó ń ṣọ́ ibẹ̀. Họ́mọ́ọ̀nù obìnrin ló ń jẹ́ kí wọ́n rí oúnjẹ jẹ. Bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, họ́mọ́ọ̀nù yìí á lọ sílẹ̀, àwọn náà á dín kù, awọ ibẹ̀ á fẹ́lẹ́, á sì gbẹ. Ọṣẹ àti álọ́ọ̀mù á wá lé ìwọ̀nba tó ṣẹ́kù. Omi lásán, níta nìkan, ti tó. Ẹ má sì torí ọ̀rọ̀ mi lọ fi ògì síbẹ̀ o!

Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde àyẹ̀wò obìnrin 31 jáde. Wọ́n rí i pé kòkòrò méjì kan, Atopobium àti Porphyromonas, bá jẹjẹrẹ ilé ọmọ rìn, pàápàá níbi tí ojú ara kò ti kan mọ́. Ìyẹn kò ní kí á sọ pé kòkòrò ló fa jẹjẹrẹ. Ẹni tí a bá nílé lọ́jọ́ tí owó sọnù lè má jẹ́ olè. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta oògùn "kòkòrò rere" tó ń dènà jẹjẹrẹ fún yín, ẹ di owó yín mú.

Ohun tó dájú ni pé ọ̀rá tó pọ̀ jù lára ń ṣe họ́mọ́ọ̀nù tó ń mú kí awọ inú ilé ọmọ nípọn, kò sì sí nǹkan oṣù tí yóò gbé e dànù mọ́. Ewu náà pọ̀ sí i fún ẹni tó sanra jù àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ.

Nínú obìnrin 10 tí jẹjẹrẹ yìí mú lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti lọ, bí 9 ló ti rí ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú obìnrin 10 tó rí ẹ̀jẹ̀, bí 1 péré ló máa ń jẹ́ jẹjẹrẹ. Lára ọ̀pọ̀ àwọn yòókù, awọ tó gbẹ ni, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ má jáyà, ṣùgbọ́n ẹ má jókòó sílé.

Ìyá àgbà kan lè sọ pé, "Ìyá mi fọ̀ ọ́ títí wọ́n fi di ẹni 90 ọdún." Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àwọn tó fọ̀ ọ́ tí wọn kò pẹ́ láyé kò sí níbí láti sọ tiwọn. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Òórùn àti gbígbẹ ni làpálàpá, ẹ̀jẹ̀ ni ẹ̀tẹ̀.

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ ọ́ gbangba: "Nǹkan oṣù mi ti dáwọ́ dúró, mo tún rí ẹ̀jẹ̀." Wọ́n á ṣe síkáànù, wọ́n sì lè gé díẹ̀ lára awọ inú ilé ọmọ lọ yẹ̀ wò. Àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ tí ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀ kò rọ́pò èyí, jẹjẹrẹ mìíràn nìyẹn ń wá. Bí síkáànù bá ní kò sí nǹkan, tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń yọ, ẹ padà lọ, kí ẹ ní kí wọ́n gé awọ náà yẹ̀ wò. Ìwádìí kan lára àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2024, fi hàn pé síkáànù lè fo jẹjẹrẹ yìí dá.

Ẹ̀yin ìyá ẹgbẹ́, ní ìpàdé tó ń bọ̀, ẹ yọ díẹ̀ nínú owó ẹgbẹ́ sọ́tọ̀ fún owó ọkọ̀ àti síkáànù ẹni tó bá rí ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò bá a lọ. Bí wọ́n bá tètè rí jẹjẹrẹ yìí nígbà tó ṣì wà nínú ilé ọmọ nìkan, wọ́n lè yọ ilé ọmọ náà, ọ̀pọ̀ ló sì ń yè. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Ẹ sì kà á sí etí ìyá tí kò lè kàwé.