Wákàtí Tí Kò Sí Nínú Ìwé Owó Ṣómólú

Bí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kì í jẹ́ kí àwọn ará Ṣómólú sùn dáadáa. Ní Bajulaiye àti àwọn òpópónà tó yí i ká, rímù ìwé ni àwọn alábàárù ń rù kọjá. Ẹ̀rọ Heidelberg tó ti ṣiṣẹ́ di arúgbó ní Yúróòpù kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi wá sí Èkó ń lu ìlù rẹ̀ nínú yàrá tí kò fẹ̀ ju ṣọ́ọ̀bù aránṣọ lọ, kàlẹ́ńdà ọdún tuntun sì ń jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ilé ìfowópamọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, olóṣèlú tó fẹ́ kí ojú òun wà lára ògiri àwọn èèyàn fún oṣù méjìlá gbáko: gbogbo wọn ló ń kánjú. Kò sí ẹni tó lè sọ pé iṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Ohun tó yẹ ní bíbéèrè ni ìdí tí ẹni tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi lè wọ oṣù Kínní láìmọ ibi tí èrè rẹ̀ gbà lọ.

Apá kan ìdáhùn náà wà nínú bí wọ́n ṣe ń dá iye lé iṣẹ́. Òǹtẹ̀wé mọ iye tí wọ́n ń ta rímù ìwé kan lówùúrọ̀ òní. Ó mọ iye pléètì mẹ́rin fún iṣẹ́ aláwọ̀ kíkún, ó mọ ohun tí ẹlẹ́rọ yóò gbà, ó sì mọ owó ẹni tó ń gé ìwé àti ẹni tó ń dì í. Yóò ro wọ́n pọ̀, yóò fi èrè díẹ̀ lé e, yóò sì sọ iye fún oníbàárà. Ohun tí kì í wọ inú ìṣirò yìí ni àkókò ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Oníbàárà pè ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ pé kí wọ́n yí àwọ̀ ewé padà sí búlúù. Ó tún pè ní aago mọ́kànlá pé orúkọ Ọ̀túnba kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn orúkọ àwọn olóyè yòókù. Ó pè lálẹ́, nígbà tí iná ti lọ tí jẹnẹrétọ̀ sì ti ń mu epo, pé lẹ́yìn tí òun rò ó dáadáa, àwọ̀ ewé ti àkọ́kọ́ ló dára jù. Ìpè mẹ́ta yìí lè jẹ wákàtí méjì ààbọ̀, kò sì sí ibi kankan tí ẹnikẹ́ni kọ ọ́ sí. Owó pléètì hàn gbangba, nítorí náà oníbàárà ń san án. Wákàtí kò hàn, nítorí náà ẹni tó ṣiṣẹ́ ni yóò fi ara rẹ̀ san án.

Ibi tí ìmọ̀ iṣẹ́ náà ń gbé kò tún fini lọ́kàn balẹ̀. Àdéhùn wà nínú ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ìwọ̀n káàdì wà lẹ́yìn bébà tí ẹ̀rọ ti bàjẹ́, iye tí wọ́n gbà lọ́dún tó kọjá wà nínú orí ọ̀gá. Bí olè bá yọ fóònù lápò ẹni nínú dáńfó, àdéhùn bá a lọ. Bí ọ̀gá bá dùbúlẹ̀ àìsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ iṣẹ́ tó ti lo ọdún mẹ́rin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò máa tẹ ìyàwó ọ̀gá láago láti béèrè iye tí wọ́n ń gbà lórí jọ́tà ìrántí.

Láti Ṣómólú dé Bàrígà kò ju ìrìn ẹsẹ̀ lọ. Ní Bàrígà ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, tó wà ní Akọka lẹ́bàá ibẹ̀, ti ń háyà yàrá, àwọn tó ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà sì wà lára wọn. Ìṣòro wà ní ìhà kan, ìmọ̀ wà ní ìhà kejì, àwọn méjèèjì sì ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà. Ohun tó yẹ kí ó so wọ́n pọ̀ kì í ṣe áàpù tuntun tí wọn yóò máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni, pẹ̀lú ètò ìkọ̀wé kan tí ẹni tó ni ín lè tún ṣe bó ṣe wù ú.

Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni fáìlì tí kò ní nǹkan mìíràn nínú ju lẹ́tà, nọ́ńbà, àmì àti ààyè lọ. Kò ní àwòrán, kò ní ọ̀ṣọ́, kò sì ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó ti gbìyànjú láti fi CorelDRAW àtijọ́ ṣí iṣẹ́ tí wọ́n fi èyí tó tuntun ṣe mọ ìyàtọ̀ náà: kọ̀ǹpútà yóò kọ̀ jálẹ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ẹni ni. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn ṣì ń ṣí lónìí lórí fóònù tó kéré jù. Ó sún mọ́ tàdáwà lórí bébà. Ọdún 1859 ni wọ́n dá ilé ìwé girama CMS sílẹ̀, èyí tó wà ní Bàrígà lónìí, ọdún náà sì ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá rí ẹ̀dà ìwé náà lónìí kò nílò láti bẹ ẹnikẹ́ni kó tó kà á.

Emacs ni orúkọ ètò ìkọ̀wé tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ní ọdún 1976 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà, Richard Stallman sì gbé èyí tí gbogbo ayé ń lò báyìí jáde ní 1985, lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú àṣẹ pé kí ẹni tó bá fẹ́ tú u palẹ̀ kó sì tún un tò. Ní 2003, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Netherlands, Carsten Dominik, fi ẹ̀ka kan kún un tó ń jẹ́ Org. Àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ ló fẹ́ tò, ojú ọjà kò sí lọ́kàn rẹ̀ rárá. Àmì ìràwọ̀ kan níwájú ìlà sọ ọ́ di àkòrí, ìràwọ̀ méjì sọ ọ́ di àkòrí kékeré lábẹ́ rẹ̀. Bí òǹtẹ̀wé bá tẹ àwọn bọ́tìnnì kan lórí àkòrí “Kàlẹ́ńdà ìjọ, 500”, ètò náà yóò kọ ọjọ́ àti aago sábẹ́ rẹ̀. Bó bá tẹ òmíràn nígbà tó parí, yóò kọ ìgbà tó dúró, yóò sì ṣe ìyọkúrò fúnra rẹ̀: ìṣẹ́jú márùnlélógójì. Ní ìparí oṣù, àṣẹ kan ṣoṣo ni yóò kó gbogbo wákàtí jọ sínú tábìlì, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀. Kò sí dátà tí yóò jó, nítorí kò sí ìgbà kankan tó ní láti gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá.

Àǹfààní tó tóbi jù ni pé ẹni tó ń lò ó lè yí i padà. Àwọn bọ́tìnnì tí Org yàn fún aago nira fún ìka. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà lè sọ pé F9 ni yóò bẹ̀rẹ̀ aago, F10 ni yóò dá a dúró. Org wá pẹ̀lú ọ̀rọ̀ Òyìnbó méjì tó ń sọ pé iṣẹ́ kù tàbí pé ó ti parí, ṣùgbọ́n ìlà kan lókè fáìlì tó láti fi ọ̀rọ̀ Ṣómólú gan-an rọ́pò wọn: ÀPẸẸRẸ, PLÉÈTÌ, Ẹ̀RỌ, GÍGÉ, Ó-TI-LỌ. Láti ìgbà náà, bí oníbàárà bá pè pé ibo ni iṣẹ́ òun dé, ẹni tó gbé fóònù yóò ka ọ̀rọ̀ kan jáde, kì yóò sì ní láti parọ́ pé “ó ti wà lórí ẹ̀rọ.” (Irọ́ yìí ti pẹ́ ní Ṣómólú débi pé àwọn oníbàárà gan-an ti ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.)

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn tún wà níbẹ̀, òun kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré fún àwọn tó ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú. Nínú Unicode, lẹ́tà ẹ ní ààyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ tó ní àmì òkè lórí kò ní; àmì náà ní láti wá dúró lé e lórí lọ́tọ̀. Fọ́ńtì tí wọn kò ṣe dáadáa yóò ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀, ẹni tó ń kánjú yóò sì pa gbogbo àmì rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ olóògbé ṣe ń jáde láìní ohùn, tí ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ yóò sì jọ ara wọn lójú ìwé kan náà. Nínú Emacs, èèyàn lè ṣe ọ̀nà ìtẹ̀ tirẹ̀, kó pinnu bọ́tìnnì tí yóò mú ẹ̀ tàbí ṣ jáde, kó sì tọ́jú ọ̀rọ̀ tó péye sínú fáìlì kí ó tó di pé fọ́ńtì èyíkéyìí dá sí i. Bí ojú ìwé bá bàjẹ́ lẹ́yìn náà, ó kéré tán orísun rẹ̀ kò bàjẹ́.

Ìtàn kan wà nínú ọ̀rọ̀ yìí tó yẹ kó dùn mọ́ òǹtẹ̀wé èyíkéyìí. Ní 1977, wọ́n fi àpẹẹrẹ ojú ìwé ọ̀kan nínú àwọn ìwé rẹ̀ han Donald Knuth, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford. Wọ́n ti yí ẹ̀rọ padà, lẹ́tà rẹ̀ sì burú lójú rẹ̀ débi pé ó pa iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ètò ìtòwé tirẹ̀, TeX. Ìbínú òǹkọ̀wé sí òǹtẹ̀wé ló bí i. Nígbà tó ń ṣe é ló rí i pé ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà yẹ kó máa ṣàlàyé fún èèyàn ohun tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe, kí kóòdù sì wà láàárín àlàyé náà. Ó gbé èrò yìí jáde ní 1984, ó sì tẹ gbogbo kóòdù TeX gẹ́gẹ́ bí ìwé kíkà ní 1986. Org náà lè ṣe irú rẹ̀: èèyàn yóò kọ àlàyé, yóò fi kóòdù sáàárín, àṣẹ kan yóò sì yọ kóòdù náà jáde fún kọ̀ǹpútà láti lò.

Kò sí ohun tó sọ pé èdè Òyìnbó ni àlàyé náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Bàrígà bá jókòó ti ọ̀gá kan ní Ṣómólú láti kọ ètò kékeré tí yóò máa ṣírò iye iṣẹ́, ìlà àkọ́kọ́ lè sọ pé: “A fi ìwé márùn-ún kún ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹ̀rọ máa ń ba díẹ̀ jẹ́ kí àwọ̀ tó dúró.” Lábẹ́ rẹ̀ ni kóòdù tó sọ 500 di 525 yóò wà. Lẹ́yìn náà ni àlàyé lórí pléètì, lórí epo jẹnẹrétọ̀, lórí wákàtí àtúnṣe tí aago ti kọ sílẹ̀, ìyẹn ohun tí kò wọ inú ìwé owó rí. Ọ̀gá tí kò mọ kóòdù yóò ka Yorùbá rẹ̀, yóò sì sọ pé, “Rárá o, bí bébà náà bá nípọn, ìdá mẹ́wàá ni.” Ọmọ iṣẹ́ tó bá dé lọ́dún tó ń bọ̀ yóò bá àtúnṣe náà níbẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀.

Àtakò wà, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Emacs kò rọrùn láti kọ́, ìwé ìtọ́nisọ́nà rẹ̀ kò sí ní Yorùbá, ojú rẹ̀ kò sì wuni wò. Àwọn kan wà káàkiri ayé tó ti fi oṣù mẹ́fà tún ètò náà ṣe láìkọ àkọsílẹ̀ ojú ewé kan. Ẹni tó ń yí àwọ̀ fèrèsé padà lójoojúmọ́ kò yàtọ̀ sí oníbàárà àwọ̀ ewé yẹn. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ìwé àkọsílẹ̀ aláwọ̀ ewu tí wọ́n ń tà ní ọjà ti tó. Ó tó lóòótọ́, títí di ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ mọ iye wákàtí tí oníbàárà kan jẹ láàárín ọdún mẹ́ta.

Èyí tó léwu jù nínú wọn kì í ṣe ti ìnira. Ọ̀gá tó bá rí i pé aago lè ka ìṣẹ́jú lè sọ ọ́ di pàṣán fún ọmọ iṣẹ́, kó máa béèrè ibi tó wà láàárín aago méjì sí aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ọ̀rọ̀ bá dà bẹ́ẹ̀, ó sàn kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ ni fáìlì náà, orí oníbàárà sì ni kí wákàtí tó kọ sílẹ̀ wà, kì í ṣe orí tirẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gba òmìnira yẹ kó lè kó ẹ̀dà àkọsílẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dání, bí télọ̀ ṣe ń kó ìwé ìwọ̀n rẹ̀ dání.

Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí Báńkì Àpapọ̀ ti jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye náírà, owó áàpù tí wọ́n ń fi dọ́là san ti di ẹrù tí ṣọ́ọ̀bù kékeré kò lè rù. Emacs kò gba kọ́bọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àlòkù, láti 2025 sì ni ẹ̀dà ọgbọ̀n rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù Android. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò fi han ẹlòmíràn, kò sì bọ́gbọ́n mu kí ẹnikẹ́ni dán an wò nínú oṣù Kọkànlá tí ilé ń gbóná. Oṣù Kejì ló yẹ, nígbà tí kàlẹ́ńdà ti tán, tí ìwé ìpè ìgbéyàwó ọdún Àjíǹde kò tíì dé, tí ẹlẹ́rọ ń fi àkísà nu Heidelberg rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Bàrígà sì lè rí àga jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sán kan.