Ẹ Ra Ìrìn Àjò Yín Sórí Tíkẹ́ẹ̀tì Kan
Pápákọ̀ òfuurufú Murtala Muhammed kò jìnnà sí ará Agége tàbí òṣìṣẹ́ tó wà ní òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a ra tíkẹ́ẹ̀tì ni ìsinmi òkè òkun ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó sí Gatwick ní Lọ́ńdọ̀nù lóṣù Kẹta ọdún 2024, owó ọkọ̀ já wálẹ̀. Inú mi dùn sí i gan-an. Ohun tó ń dùn mí ni tíkẹ́ẹ̀tì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ táwọn èèyàn wa ń so pọ̀ fún ìrìn àjò kan nítorí ẹ̀dínwó. Bí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́, tí èkejì sì gbéra, owó ti wọgbó nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra gbogbo rẹ̀ sórí tíkẹ́ẹ̀tì kan, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ wádìí bóyá ìlú tẹ́ ẹ máa gbà kọjá ń béèrè físà.