Ìbọn Tí Ó Yẹ Ẹni Tí Ó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Kọ́ Ìbọn Yíyìn

Ní ìlú Ìbàdàn, ìbọn kì í ṣe àlejò. Ní nǹkan bí ọdún 1829 ni àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ fi ibẹ̀ ṣe ibùdó, oyè ogun ni ìlú náà sì fi ń tò àwọn ìjòyè rẹ̀ títí di òní. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ bíi Pópó Yemọja, Ọjà'ba àti Màpó, agbo ilé tí baba ńlá wọn jẹ́ ológun tàbí ọdẹ kò ṣọ̀wọ́n rárá. Bí àgbà ọdẹ bá papò dà, ìró ìbọn ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń sìn ín lọ sílé. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu bí ọ̀dọ́ kan nínú irú agbo ilé bẹ́ẹ̀ bá sọ fún baba rẹ̀ pé òun fẹ́ kọ́ ìbọn yíyìn. Ohun tí ó yẹ kí a rò dáadáa ni irú ìbọn tí a óò kọ́kọ́ fi lé e lọ́wọ́.

Ìdáhùn rẹ̀ kò ṣòro, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Ìbọn kékeré ni ó yẹ akẹ́kọ̀ọ́: èyí tí ó fúyẹ́, tí kò ní ariwo púpọ̀, tí kì í gbá èjìká, tí kì í sì í yìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí a tó tún un ki. Àwọn àgbà ti wí pé àtàrí àjànàkú kì í ṣe ẹrù ọmọdé. Bí ìbọn bá ju akẹ́kọ̀ọ́ lọ, kì í ṣe òun ni ó ń lo ìbọn; ìbọn ni ó ń lò ó.

Àwọn àgbà kan yóò sọ pé ṣakabùlà ni a fi kọ́ àwọn, ṣakabùlà náà sì ni ó yẹ ọmọ ọdẹ. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe é fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, nítorí ìbọn náà ti bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ ni a ti ń da ẹ̀tù sí i, tí a ń fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, kí a tó da ọta lé e. Ọwọ́ ni ọdẹ fi ń díwọ̀n ẹ̀tù náà. Àgbà ọdẹ mọ èyí tí ó tó, ọmọdé kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, tàbí bí irin tí alágbẹ̀dẹ fi rọ ìbọn kò bá nípọn tó, ìbọn lè fọ́ mọ́ ẹni tí ó mú un lọ́wọ́. Lẹ́yìn èyí, ìgbà díẹ̀ máa ń wà láàárín ìgbà tí ìka fa irin àti ìgbà tí ọta jáde. Bí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá yẹ̀ díẹ̀ ní ìwọ̀n ìgbà náà, ọta ti ṣìnà. Ọta wẹ́wẹ́ tí ń fọ́n káàkiri kì í sì í jẹ́ kí ó mọ̀ bóyá òun na ìbọn bí ó ti yẹ tàbí orí ló bá a ṣe é. Ìbọn ẹni tí ó ti mọṣẹ́ ni ṣakabùlà. Kì í ṣe ìbọn ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Ìfẹ́ àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn yàtọ̀ sí ti àwọn àgbà. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí a ń kó ọta sí láti ẹ̀yìn ni ojú wọn ń wọ̀, nítorí ìró rẹ̀ àti iyì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ bá bú, ìdí rẹ̀ a gbá èjìká ẹni tí ó yìn ín. Ọmọ tí a bá gbá lẹ́ẹ̀kan ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan tí olùkọ́ kò kọ́ ọ: ẹ̀rù. Ní ìgbà kejì, kí ó tó fa irin ni yóò ti di ojú, tí ara rẹ̀ yóò sì ti gbọ̀n. Àṣà yìí a máa wọ ènìyàn lára kíákíá, ó sì lè gba oṣù púpọ̀ kí ó tó kúrò. Ẹni tí ó di ojú kò rí ibi tí ọta ń lọ. Ẹni tí kò sì rí ibi tí ọta ń lọ kò yàtọ̀ sí ẹni tí ń ju òkò sínú ọjà.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìbọn kékeré kò yẹ ọmọ jagunjagun, kí ó rántí ogun Kírìjí, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877, tí àwọn ọmọ ogun kò sì tú ká títí di ọdún 1893. Ìbàdàn ní ìgboyà, ó sì ní òkìkí. Ṣùgbọ́n àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn tuntun tí a ń ki láti ẹ̀yìn gbà láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wọn ní Èkó, Ìbàdàn kò sì lè borí wọn títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi là wọ́n níjà. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ìgboyà kò lè dípò ohun èlò tí ó bá iṣẹ́ mu. Iṣẹ́ tí ó wà níwájú akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe pípa ẹkùn. Mímú ojú, ọwọ́ àti èémí ṣe ọ̀kan ni.

Ìbọn tí ó bá iṣẹ́ yìí mu jù lọ ni ìbọn afẹ́fẹ́. Kò lo ẹ̀tù. Afẹ́fẹ́ tí a fún mọ́ inú rẹ̀ ni í ti ọta kékeré jáde. Kì í gbá èjìká tó bẹ́ẹ̀, ìró rẹ̀ kò dún jù, ọta rẹ̀ kò sì wọ́n. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ lè yìn ín lọ́pọ̀ ìgbà, kí ó máa rí àṣìṣe rẹ̀ lójú ìwé tí ó fi ṣe àfojúsùn, kí ó sì máa tún un ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ohun ìṣeré ni. Láti ọdún 1984 ni wọ́n ti ń fi irú ìbọn yìí díje ní ìdíje Olympic, láti ibi tí ó jìnnà sí àfojúsùn ní mítà 10. Ojú àmì tí ó níye lórí jù lọ kò ju ìdajì mílímítà kan lọ, ọta tí wọ́n sì ń yìn sí i jẹ́ mílímítà 4.5. Ní ọdún 2024, ní ìlú Paris, ọmọbìnrin Kòríà ti Gúúsù kan tí ń jẹ́ Ban Hyo-jin gba wúrà nínú ìdíje náà láàárín àwọn obìnrin. Ọmọ ọdún 16 péré ni. Kì í ṣe ìró ìbọn ni ó gbé e dé ibẹ̀ bí kò ṣe ìfarabalẹ̀.

Nígbà tí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bá ti balẹ̀, ìgbésẹ̀ kejì ni ráìfù .22, tí a ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí pé fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá 22 nínú 100 íǹṣì. Kí ó jẹ́ irú èyí tí ń gba ọta kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó ní ọta kan a máa ronú kí ó tó yìn ín. Ẹni tí ó ní mẹ́wàá a máa rò pé èyí tí ó kù yóò tún èyí tí ó ti lọ ṣe. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí kò ṣe aláìní ìbọn ńlá, fi ráìfù .22 ọlọ́ta kan kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wọn tí ń kọ́ iṣẹ́ ológun fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Bí ẹni tí ó ní ìbọn ńlá bá fi kékeré kọ́ ọmọ tirẹ̀, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ìdí rẹ̀.

Ó tún yẹ kí ìbọn bá ara akẹ́kọ̀ọ́ mu. Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣò ni. Rẹ́gírẹ́gí ni ohun ẹni í bá ni mu. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ká apá rẹ̀, kí ó fi ìdí ìbọn tí kò ní ọta nínú ti ìsẹ́po ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Bí ìka rẹ̀ bá dé irin tí a ń fà láìnàgà, ìbọn náà kò gùn jù fún un. Kí ó sì gbé e sí èjìká fún ìgbà díẹ̀. Bí ẹnu ìbọn bá bẹ̀rẹ̀ sí wólẹ̀, tàbí bí ó bá ń fa ẹ̀yìn sẹ́yìn kí ìbọn má baà gbé e ṣubú, ìbọn náà ti wúwo jù.

Ṣùgbọ́n bí ìbọn ti wù kí ó kéré tó, òfin ń bẹ. Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1959, kò gbà kí a fún ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 17 ní ìwé àṣẹ ìbọn. Ṣakabùlà wà lábẹ́ òfin náà, ìbọn afẹ́fẹ́ pẹ̀lú sì wà níbẹ̀. Bí ọwọ́ ọmọdé kò bá tíì tó èèkù idà, kì í bèèrè ikú tí ó pa baba rẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, kànnàkànnà, ọrun àti ọfà wà nílẹ̀ láti fi kọ́ ojú àti ọwọ́, lábẹ́ ìṣọ́ àgbà. Ìwà ọdẹ wà nílẹ̀ láti kọ́ pẹ̀lú: pé a kì í na ìbọn sí ènìyàn, ìbáà jẹ́ ṣeréṣeré, pé gbogbo ìbọn ni a ń kà sí èyí tí ó ní ọta nínú, pé ìka kì í kan irin títí a ó fi ṣe tán láti yìn ín, àti pé ẹni tí kò mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹran kò gbọdọ̀ yìnbọn sí ẹran náà.

Àwọn kan yóò sọ pé, ní irú àkókò tí ìbọn wà lọ́wọ́ àwọn jàǹdùkú yìí, ohun tí ó dára jù ni kí ọ̀dọ́ má tilẹ̀ mọ ìbọn rárá. Ìbẹ̀rù wọn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ìbọn kò ní torí bẹ́ẹ̀ kúrò ní ilé ọdẹ. Ọmọ tí kò mọ agbára rẹ̀ ni yóò gbé e ṣeré lọ́jọ́ tí baba kò sí nílé. Èyí tí a ti kọ́ ni yóò yẹra fún un. Ohun tí ó tọ́ láti dènà ni ìbọn láìsí ẹ̀kọ́ àti ìbọn láìsí ìwé àṣẹ.

Bákan náà, Pópó Yemọja kì í ṣe ibi tí a ti ń kọ́ ìbọn yíyìn. Òrùlé fara kan òrùlé níbẹ̀, ẹsẹ̀ kì í sì í dá lójú pópó. Ọta .22 tí ó kéré yẹn lè rìn ju kìlómítà kan lọ bí ohunkóhun kò bá dá a dúró. Ọta ìbọn afẹ́fẹ́ sì lè fọ́ ojú ènìyàn. Oko ni kí a lọ, kí òkìtì erùpẹ̀ gíga wà lẹ́yìn àfojúsùn, kí àgbà kan sì dúró ti akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹyin ni ohùn, wọ́n ní bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọta ìbọn: bí ó bá ti jáde, kò sí ẹni tí ó lè pè é padà. Nítorí náà, yíyan ìbọn àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀nà láti dán ìgboyà ọ̀dọ́ wò. Ọgbọ́n àgbà ni ó ń dán wò. Baba tí ó fi ìbọn ńlá lé ọmọ lọ́wọ́ kí àwọn ará àdúgbò lè yìn ín ti ra ìyìn ọjọ́ kan ní owó iyebíye. Èyí tí ó ní kí ọmọ dúró títí ọjọ́ orí rẹ̀ yóò fi pé, tí ó wá fi ìbọn kékeré kọ́ ọ pẹ̀lú sùúrù, ni ó ṣe é lóore.