Ẹni Jẹ́jẹ́ Náà Mọ Iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ òní kan ìlera, ó sì kan ọjà.

Ní àsìkò káṣú tó kọjá, ẹgbẹ́ obìnrin kan tí mo mọ̀ ń wá ẹni tí yóò máa wọn ẹrù, tí yóò sì máa kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyá kan wà láàárín wọn tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló ń bá wọn ṣírò owó òrí, kò sì ṣì í rí. Wọ́n ní kó gbà á. Ó ní, «Ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fún ẹni tó lẹ́nu.» Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yan ènìyàn, ó gba oko lọ. Wọ́n fún ẹni tó lẹ́nu lóòótọ́. Nígbà tí oníbàárà dé, kílò inú ìwé kò bá ti inú àpò mu. Owó sọnù, ìjà dé.

Mi ò lè bú ìyá yẹn. Èmi tí ẹ ń gbọ́ yìí kọ́ṣẹ́ olùkọ́, síbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo jókòó sídìí ẹ̀rọ, ṣe ni mo ń retí kí ẹnìkan wọlé wá ní, «Dìde, ibí kì í ṣe tìẹ.» Kò sẹ́ni tó wá.

Ní 1978, obìnrin onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Pauline Clance àti Suzanne Imes, kọ̀wé lórí ìbẹ̀rù yìí: àwọn obìnrin tó mọṣẹ́ dáadáa, tí wọ́n ṣì ń rò pé àwọn ń tan ènìyàn jẹ ni. Nítorí náà, kì í ṣe èèdì.

Lójú tèmi, ẹ̀bi náà pín sí méjì. Àwa ẹni jẹ́jẹ́ ń fọwọ́ ara wa ṣera wa. Àgbà ní bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó ń fi ariwo mọ ọlọ́gbọ́n náà jẹ̀bi. Àgbá òfìfo ló ń dún jù.

Ẹ̀yin tí ẹ̀rù ń bà, bí wọ́n bá yìn yín, ẹ má sọ pé oríire lásán ni. Ẹ ní, «Ẹ ṣé.» Kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ fún ẹnìkan. Ẹ gba iṣẹ́ náà fún oṣù kan, kí ẹ fi dán ara yín wò. Bí ìbẹ̀rù bá ń gba oorun lójú yín, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ lọ bá ẹni jẹ́jẹ́ nílé, kí ẹ bi í léèrè.

Ẹ jíròrò rẹ̀ báyìí: ta ló mọṣẹ́ nínú ẹgbẹ́ yín, tí ẹ kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀? Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.