Eyín Tó Kẹ̀ ní Ṣábẹ: Dídí Ni Kí Ó Jẹ́, Kì í Ṣe Yíyọ

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Àdéhùn Minamata, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ sí ní Japan ní ọdún 2013 kí ìlò mẹ́kúrì lè dín kù láyé, pàdé ní Geneva, wọ́n sì fẹnu kò pé tí yóò bá fi di ọdún 2034, fífi àmágámù dí eyín gbọ́dọ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀. Àmágámù ni àdàlù aláwọ̀ fàdákà tí àwọn dókítà eyín ti ń fi dí ihò eyín fún ohun tó ju 150 ọdún lọ. Fàdákà, tánńganran àti bàbà wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ni mẹ́kúrì, irin olómi tí ó jẹ́ májèlé, tí ó sì ń wọ ara ẹja nígbà tí ìdọ̀tí rẹ̀ bá ṣàn dé odò. Benin wà lára àwọn tí àdéhùn náà dè. Ìpinnu rere ni, ṣùgbọ́n ní Ṣábẹ, ìlú tí ìwé ìjọba ń kọ ní Savè, ohun tó ṣe kókó ni ohun tí yóò rọ́pò àmágámù: ṣé ohun ìdíyín aláwọ̀ eyín ni, tàbí ẹ̀mú ìyọyín?

Kì í ṣe ìdin tí ojú lè rí ni ó ń jẹ eyín, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà gbọ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu ni ó ń jẹ ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ eyín, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di ásíìdì, ìyẹn omi kíkan tí ó ń yọ́ èèpo líle ara eyín díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lu. Bí ènìyàn bá sì ń tọ́ ohun dídùn wò láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, itọ́ kì í rí àyè tún ohun tí ásíìdì bàjẹ́ ṣe. Ṣúgà kì í ṣe àjèjì ní Ṣábẹ, nítorí ibẹ̀ ni ìjọba Benin àti ti Nàìjíríà jọ gbé ilé-iṣẹ́ ṣúgà àti oko ìrèké ńlá kalẹ̀ sí. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn pé kí ṣúgà tí wọ́n ń fi kún oúnjẹ má ṣe tó ìdá 10 nínú 100 agbára tí oúnjẹ òòjọ́ ń fún ara, pé ó sì sàn bí kò bá tó ìdá 5, èyí tí ó jẹ́ nǹkan bí ṣíbí kékeré mẹ́fà fún àgbàlagbà. Ìgò ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kan ṣoṣo sábà máa ń kọjá ìwọ̀n yẹn.

Ohun ìdíyín aláwọ̀ eyín tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni kọ̀ǹpósítì, tí wọ́n fi ike olómi àti ẹ̀lọ́ gíláàsì ṣe, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ tí Rafael Bowen ṣe ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1962. Ó lẹ́wà, ó lágbára, fún eyín iwájú kò sì sí ohun tó yẹ jù ú lọ. Ṣùgbọ́n eyín tí wọn yóò fi dí gbọ́dọ̀ gbẹ kanlẹ̀. Dókítà yóò fi ásíìdì pa ojú ihò náà, yóò fi àtè kùn ún, yóò tẹ́ ike náà ní ìpele tín-ínrín, yóò sì fi iná aláwọ̀ búlúù yan ìpele kọ̀ọ̀kan kí ó tó le. Gbogbo èyí ń fẹ́ iná mànàmáná tí kì í ṣẹ́jú, ẹ̀rọ, àkókò àti owó. Àgbẹ̀ tó bá ní láti fi oko sílẹ̀ kí ó rin nǹkan bí 250 kìlómítà lọ sí Cotonou nítorí ihò kékeré kan kò ní lọ. Yóò dúró títí ìrora yóò fi gbé e dìde, nígbà yẹn, yíyọ nìkan ni yóò kù.

Ọ̀nà mìíràn wà, Áfíríkà gan-an ni wọ́n sì ti kọ́kọ́ dán an wò. Ní àárín ẹ̀wádún 1980, Jo Frencken, dókítà eyín ará Netherlands tó ń ṣiṣẹ́ ní Tanzania, rí i pé ẹ̀rọ ìgbẹ́yín tó ń lo iná kò lè dé ìgbèríko, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi irinṣẹ́ ọwọ́ nìkan tọ́jú eyín. Ohun tó wá mú ọ̀nà náà kẹ́sẹ járí ni sìmẹ́ńtì oní-gíláàsì tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Wilson àti Kent gbé jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀wádún 1970, tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ti eyín. Oníṣẹ́ ìlera yóò fi irin ẹlẹ́nu ṣíbí ha ibi tó ti rọ̀, tó sì ti di pupa rúsúrúsú, kúrò nínú ihò náà. Yóò da ìyẹ̀fun òṣùwọ̀n kan sórí pátákó, yóò kán omi rẹ̀ sí i, yóò pò ó kíákíá kí dídán ojú rẹ̀ tó pòórá, yóò kì í sínú ihò, yóò wá fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ tí ó fi vaseline pa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Wọn yóò ní kí ẹni náà pa eyín dé láti mọ̀ bóyá ó ga jù, kí ó má sì jẹun fún wákàtí kan. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọn kì í gún un lábẹ́rẹ́. Sìmẹ́ńtì náà ń tú fúlọ́ráìdì, èròjà tó ń mú èèpo eyín le, sí ara eyín, ní ọdún 2021 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ mọ́ àwọn oògùn kòṣeémánìí.

Sìmẹ́ńtì yìí kò tó kọ̀ǹpósítì ní líle, ó sì máa ń tètè fọ́ bí ihò bá gba ẹ̀gbẹ́ eyín méjì tàbí mẹ́ta. Bí jíjẹrà bá sì ti dé iṣan inú eyín, sìmẹ́ńtì kò lè tán an. Ṣùgbọ́n fún ihò kékeré orí eyín kan, ó ń pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun sì ni nọ́ọ̀sì tó bá gba ẹ̀kọ́ dáadáa lè lò ní Kaboua ní ẹkùn Ṣábẹ tàbí ní ìletò tí iná kò dé. Nítorí náà, kí ìjọba tó ka yíyọ àmágámù kúrò sí àṣeyọrí, ó yẹ kí ìyẹ̀fun àti omi sìmẹ́ńtì yìí, pẹ̀lú àwọn irin ọwọ́ mélòó kan, ti wà ní gbogbo ilé ìlera ẹkùn Ṣábẹ àti Ouèssè, ní iye tí aláìní lè san. Orín àtà dára fún fífọ eyín, kò sì sí ìdí láti pa á tì, àmọ́ ọṣẹ ìfọyín tó ní fúlọ́ráìdì ni ó yẹ kí òbí fi kún un.

Àwọn ọmọ ilé ìwé ni ó yẹ kí iṣẹ́ náà kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn, nítorí pé láti ọdún 2022 ni ìpàdé Àdéhùn Minamata ti sọ pé kí wọ́n má ṣe fi àmágámù dí eyín ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ti aboyún àti ìyá ọlọ́mọ ọwọ́. Ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́fà ni eyín ńlá àkọ́kọ́ tí kì í pààrọ̀ máa ń yọ lẹ́yìn àwọn eyín wàrà. Nítorí pé kò lé eyín kankan kúrò kí ó tó yọ, ọ̀pọ̀ òbí máa ń kà á mọ́ èyí tí yóò ṣì bọ́, wọn kì í sì í dá sí i nígbà tí ó bá ń kẹ̀. Bí oníṣẹ́ ìlera kan bá lè wọ kíláàsì àkọ́kọ́ àti ìkejì ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ó la ẹnu àwọn ọmọ wò, kí ó sì dí ihò tó bá rí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ọ̀pọ̀ eyín tí wọ́n ń yọ lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni yóò ṣì wà ní ẹnu wọn nígbà tí wọ́n bá ń tọ́ ọmọ tiwọn.