Ẹ̀rọ Kò Lé Onílù Nínú Àwo Sunny Adé

Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ àwo mẹ́ta tí King Sunny Adé ṣe fún iléeṣẹ́ Island ni mo fẹ́ sọ: Juju Music ní 1982, Synchro System ní 1983 àti Aura ní 1984. Ó ti pẹ́ tí àwọn kan ti ń pariwo pé ẹ̀rọ sintẹsáísà ba jùjú jẹ́, pàápàá nínú Aura. Ẹ̀yin olólùfẹ́ rẹ̀, ẹ tún Aura gbọ́ o! Bí ẹ̀rọ ti ń dún, bẹ́ẹ̀ ni gángan ń fọhùn. Stevie Wonder pàápàá fọn hàmóníkà sí i. Àlejò ni ẹ̀rọ níbẹ̀, kò gba ilé lọ́wọ́ onílé. Nígbà tí Odù sì jáde ní 1998, orin ìbílẹ̀ ló kó sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kò mú un gbàgbé ilé.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé, bí a bá ń ṣe òkú àgbà ní Ìkálẹ̀ níhìn-ín, ẹnì kan ṣoṣo pẹ̀lú dùùrù oníná ni ọ̀pọ̀ wa ń háyà? Onílù dà? Ta ni yóò kọ́ ọmọ rẹ̀ ní iṣẹ́ tí kò mówó wọlé mọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìnáwó, ẹ pe dùùrù bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ pe onílù mọ́ ọn.

Ọmọ Ìkálẹ̀ kan,
Òkìtìpupa.